Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìgbà Tí Ìfarapa Orí Pápá Bá Kan Kórópọ̀n

Lẹ́tà márùn-ún ni a mú fún abala ìlera tọ̀tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì dá lé: ìfarapa tó kan ẹpọ̀n nígbà eré ìdárayá. A ti yọ orúkọ kúrò, a sì ti gé lẹ́tà wọn kúrú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ló kọ́kọ́ fi í pamọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ jáde, ìyẹn ló sì ká wa lára jù, nítorí pé ní ti kórópọ̀n, wákàtí ni a fi ń ka àkókò, kì í ṣe ọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ ọdún 27 ni mí, Òṣogbo ni mo sì ń gbé. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, a ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò, mo wà lára àwọn tó tò síwájú ilé nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá fíríkíìkì, bọ́ọ̀lù náà sì bà mí lábẹ́ tààrà. Mo ṣubú, inú run mí, mo sì bì. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi omi gbígbóná jó mi, wọ́n sì fi ìpara amúragbóná pa mí lára. Láti ọjọ́ Àìkú ni apá ọ̀tún ti wú, tí awọ ibẹ̀ sì ti dúdú. Bí mo bá lo paracetamol, ìrora náà á lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tán. Ojú ń tì mí láti lọ sílé ìwòsàn, nítorí pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Ṣé yóò lọ fúnra rẹ̀, àbí agbára mi gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ló ti fẹ́ lọ yẹn?

Ìdáhùn: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ wa, a sì fi èsì ránṣẹ́ sí arákùnrin náà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dúró de ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yóò jáde. A ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà nínú Òṣogbo, òmíràn sì wà ní Ilé-Ifẹ̀, kò sí ìdí tí yóò fi máa wá ibi tí yóò lọ. Ìdí tí a fi kánjú bẹ́ẹ̀ nìyí.

Ìrora tó ń mú ọkùnrin dojú bolẹ̀ nígbà tí nǹkan bá bà á lábẹ́ kì í ṣe àmì pé nǹkan ti bàjẹ́. Nínú ikùn, nítòsí kíndìnrín, ni kórópọ̀n ti ń dàgbà nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sínú àpò ẹpọ̀n. Iṣan ìmọ̀lára tó bá a sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ló ṣì ń lò títí di òní. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń run ẹni tí bọ́ọ̀lù bà lábẹ́, tí èébì sì ń gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohunkóhun kò kan ikùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ìrora bẹ́ẹ̀ ló máa ń rọlẹ̀ láàárín wákàtí kan, láìsí wíwú, láìsí àpá. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí báyìí kò nílò ju ìsinmi lọ, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré lọ sílé ìwòsàn nítorí rẹ̀.

Ti arákùnrin wa kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ funfun kan tó nípọn tó sì yi ló bo kórópọ̀n kọ̀ọ̀kan, kórópọ̀n sì máa ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nínú àpò rẹ̀ bí nǹkan bá bà á. Ohun méjèèjì yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìfarapa ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù, orúnkún tàbí bàtà bá kàn án mọ́ egungun iwájú abẹ́, tí kò sì rí ibi yọ̀ sí, awọ náà lè ya. Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ti ọ̀tún ju ti òsì lọ, nítorí pé ti ọ̀tún ló máa ń ga díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Wíwú àti awọ dúdú ní ọjọ́ kejì túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ti ya sílẹ̀ níbì kan. Ó lè jẹ́ inú awọ àpò nìkan, èyí tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dà yí kórópọ̀n ká. Ó sì lè jẹ́ pé kórópọ̀n fúnra rẹ̀ ló ya. Dókítà kò lè fi ọwọ́ lásán yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé ibi tó wú tó sì ń dunni kì í ṣeé tẹ̀ dáadáa. Skáànù ni wọ́n fi ń wò ó, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aláboyún, tí kò ní abẹ́rẹ́, tí kò sì ní ìtànṣán. Yóò fi bí awọ náà ṣe wà hàn, yóò sì tún fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé inú kórópọ̀n bó ṣe yẹ. Bí ó bá ti ya, iṣẹ́ abẹ tí a ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń gba èyí tó pọ̀ jù là: wọ́n á kó ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò, wọ́n á gé ibi tó ti kú, wọ́n á sì rán awọ náà padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, iye èyí tí wọ́n ní láti yọ dànù máa ń pọ̀ sí i gan-an. Láti Sátidé sí Ìṣẹ́gun, ẹ ka iye ọjọ́ tó kù fún un.

Omi gbígbóná àti ìpara amúragbóná ló burú jù nínú ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ooru ń la ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ẹpọ̀n tinrin débi pé irú ìpara bẹ́ẹ̀ lè bó o. Omi dídì tí a fi aṣọ wé ló yẹ kí a gbé lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí a gbé e kúrò, kí a tún dá a padà lẹ́yìn wákàtí kan. A kì í gbé yìnyín lé awọ lásán. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó ká tówẹ́lì kékeré sábẹ́ ẹpọ̀n kí ó lè gbé e sókè, kí ó sì wọ pátá tó fún mọ́ra díẹ̀ bí ó bá dìde. Paracetamol kò burú, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe lo aspirin, nítorí pé ó ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, kí ẹni tó bá sì ní ọgbẹ́ inú ṣọ́ra fún ibuprofen. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè rán awọ tó ti ya. Ẹni tó bá tún rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ kò jáde mọ́, tàbí tí ibà gbé e dè, kí ó má ṣe ka wákàtí kankan, kí ó máa lọ ni.

Ní ti agbára ọkùnrin, ìṣàn ẹ̀jẹ̀, iṣan àti ọpọlọ ló ń mú kí nǹkan ọkùnrin dìde. Èròjà tí kórópọ̀n ń ṣe kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, kórópọ̀n kan tí ara rẹ̀ le sì lè ṣe èròjà náà tó. Ní ti ojú títì, ẹ lè béèrè pé kí dókítà ọkùnrin wò yín, kò sì sí ẹni tí yóò bá yín wí. Bí kò bá sí ọkùnrin lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe torí rẹ̀ padà sílé.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 14. Ó jí ní nǹkan bí aago méjì òru, ó ń ké pé ẹpọ̀n òsì ń dun òun, ó sì bì lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ló tó sọ pé ẹnì kan fi orúnkún gbá òun lábẹ́ nílé ìwé ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ìyá bàbá rẹ̀ ní ìpá ló ń bọ̀ yẹn, ó sì fi àdí pa á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìrora náà ti lọ pátápátá. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀? (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Rárá o, màmá. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá báyìí.

Kórópọ̀n so rọ̀ lórí okùn kan, inú okùn náà ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un sì gbà kọjá. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí a bí láìjẹ́ pé kórópọ̀n wọn dì mọ́ ara àpò bó ṣe yẹ, nítorí náà ó lè yí po, kí okùn náà lọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sì ráyè dé ibẹ̀ mọ́. Láàárín ọdún 12 sí 18 ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ jù, nígbà tí ìbàlágà bẹ̀rẹ̀ tí kórópọ̀n sì ń yára tóbi, ojú oorun sì ni ó ti ń bá ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tó bà á lábẹ́ lè dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù kò ní ìdí kankan tí a lè tọ́ka sí. Ní tèmi, ibi tí eré ìdárayá ti ń ṣeni léṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé bí ọmọ bá ti sọ pé wọ́n gbá òun, gbogbo ilé á gbà pé a ti mọ ohun tó ń ṣe é, wọn kì í sì í wá òmíràn mọ́.

Bí wọ́n bá tú u láàárín wákàtí mẹ́fà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, nínú kórópọ̀n mẹ́wàá, ó kéré tán mẹ́sàn-án ló ń yè. Bí ó bá di wákàtí 12, ó ku nǹkan bí ìdajì. Lẹ́yìn wákàtí 24, a ṣàṣà rí èyí tó ń yè. Ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń kà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá lo wákàtí méjì ní fífi òróró pa á, tí ẹ lo ọ̀kan lójú ọ̀nà, tí ẹ sì lo ọ̀kan nídìí káàdì, mẹ́rin ti lọ nínú mẹ́fà. Nítorí náà, dókítà tó bá fura sí i dáadáa kì í dúró de skáànù kí ó tó gbé ọmọ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ má ṣe fún ọmọ náà ní oúnjẹ lójú ọ̀nà, nítorí oògùn oorun tí wọ́n lè fún un.

Ìrora tó bẹ̀rẹ̀ lójijì, tó sì tún lọ lójijì, lè túmọ̀ sí pé okùn náà lọ́, ó sì tú ara rẹ̀. Ohun tó ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lè tún un ṣe, kí ó má sì tú lọ́jọ́ náà. Bí dókítà bá gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọn yóò fi rán kórópọ̀n náà mọ́ ara àpò kí ó má bàa yí mọ́, wọn yóò sì rán ti ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú, nítorí pé bí a ti ṣe bí ọ̀kan náà ni a sábà máa ń bí èkejì. Ẹ bá wa kí màmá àgbà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìpá olómi kì í fi ìrora jí ọmọ lóru. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń wú, kì í sì í sábà dunni.

Ìbéèrè: Peckham ní London ni mo ń gbé, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún 31. A máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́, kò wú, ìrora náà sì lọ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo fọwọ́ kan kókó kékeré kan tó le bí ẹ̀wà lára kórópọ̀n òsì, kò sì dùn mí. Ṣé ẹsẹ̀ tó gbá mi lè di jẹjẹrẹ?

Ìdáhùn: Ìfarapa kì í fa jẹjẹrẹ kórópọ̀n. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ọkùnrin fọwọ́ kan ibi tí kò kàn láti ọdún pípẹ́, kí ó sì bá ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pàdé. Kókó tó le, tí kò dunni, tó sì lẹ̀ mọ́ ara kórópọ̀n gan-an ni irú tí àwọn dókítà kì í fi ṣeré, àìdunni rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ẹ pe dókítà àdúgbò yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹ ti kọ ọ́ sí wa. Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, ètò wà tí wọ́n fi ń yára rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà amọṣẹ́dunjú. Skáànù àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe. Ó lè jẹ́ omi lásán tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì láti ọjọ́ ìfarapa náà, a sì nírètí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀dọ́kùnrin ni àìsàn yìí ń bá jà jù, láti ọdún 15 sí nǹkan bí 40. Lóòótọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ènìyàn dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ṣùgbọ́n ṣíṣọ̀wọ́n kì í ṣe àìsí, ewu rẹ̀ sì pọ̀ sí i fún ẹni tí kórópọ̀n rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ nígbà ọmọdé. Ní oṣù Keje ọdún 2022, kò tíì pẹ́ tí Sébastien Haller, agbábọ́ọ̀lù Côte d'Ivoire, dé ẹgbẹ́ Borussia Dortmund ní Jámánì tí wọ́n fi rí kókó jẹjẹrẹ nínú kórópọ̀n rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó gba oògùn jẹjẹrẹ, ó sì padà sórí pápá ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Nàìjíríà kò lè gbàgbé rẹ̀: òun ló gbá góòlù kejì sáwọ̀n ní Abidjan ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, tí Côte d'Ivoire fi gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ Super Eagles lọ́wọ́ pẹ̀lú 2 sí 1. Góòlù náà dùn wá dé egungun, ṣùgbọ́n ara àwọn jẹjẹrẹ tí ìtọ́jú ń ràn jù lọ ni èyí, pàápàá bí a bá tètè rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ máa yẹ ara yín wò, lẹ́yìn ìwẹ̀ olómi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló dára jù, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ yí kórópọ̀n kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti àwọn ìka yòókù. Ohun rírọ̀ tó rí bí okùn lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí àtọ̀ ń gbà, Ọlọ́run ló dá a síbẹ̀. Kí ẹ̀yin má fi kókó pè é.

Ìbéèrè: Aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ni mí tẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n yọ kórópọ̀n òsì mi lẹ́yìn ìfarapa. Mo fẹ́ gbéyàwó ní ìparí ọdún yìí, ìjọ wa sì ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò. Àfẹ́sọ́nà mi kò mọ̀. Ṣé mo lè bímọ, ṣé ó sì di dandan kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ní ẹyọ kan ló ń bímọ láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bí ẹyọ tó kù bá le koko. A kò lè fi ojú wò yín kí a mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò àtọ̀ ni yóò sọ. Ẹ má sùn mọ́ obìnrin, ẹ má sì da àtọ̀ jáde lọ́nà mìíràn, fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí ó má sì kọjá méje, kí ẹ tó lọ. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2021, mílíọ̀nù 16 sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ nínú mìlílítà kan ni wọ́n fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àgàn. Wọ́n tún ń wo bí wọ́n ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe rí. Ó ń gba sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 74 láti dàgbà, nítorí náà ibà tó ṣe yín ní oṣù méjì sẹ́yìn lè mú kí èsì burú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí èyí àkọ́kọ́ kò bá dára, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ jìnnà sí abẹ́rẹ́ èròjà akọ tí àwọn kan ń tà ní ibi tí wọ́n ti ń gbé irin, nítorí pé ṣe ni ó ń dá kórópọ̀n dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ti àfẹ́sọ́nà yín, ẹ sọ fún un kí ẹ tó ṣe ìdána, kí ó sì jẹ́ pé ẹnu yín ni yóò ti gbọ́ ọ. Èmi kò rí bí ọkùnrin ṣe lè fi èyí pamọ́ fún ẹni tí wọn yóò jọ máa sùn, ọ̀rọ̀ tí obìnrin bá sì fúnra rẹ̀ rí lẹ́yìn ìgbéyàwó máa ń le ju èyí tí a sọ fún un lọ. Bí ó bá jẹ́ bí abẹ́ ṣe rí lójú ló ń dà yín láàmú, ẹyọ àtọwọ́dá tí wọ́n fi silicone ṣe wà, tí oníṣẹ́ abẹ lè fi sí i. Kì í ṣe iṣẹ́ kankan, ẹwà lásán ni.

Ìbéèrè: Kóòṣì àwọn ọmọdé ni mí ní Abẹ́òkúta. Kí ni mo lè ní lọ́wọ́ lórí pápá, ṣé ọmọ tó ní ẹyọ kan ṣoṣo sì lè máa gbá bọ́ọ̀lù?

Ìdáhùn: Ó lè gbá a, bí dókítà rẹ̀ bá ti gbà bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń wọ ike líle tí wọ́n ṣe fún abẹ́ sínú pátá tó fún mọ́ra. Àwọn tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe taekwondo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́; àwa abọ́ọ̀lùgbá là ń fojú di í. Ó gbọ́dọ̀ bo gbogbo ẹpọ̀n láìfún un, kí etí rẹ̀ sì wà lórí egungun, kì í ṣe lórí ẹpọ̀n. Omi dídì nínú kúlà àti aṣọ mímọ́ tó fún yín láti tọ́jú. Bí nǹkan bá ba ọmọ lábẹ́, ẹ mú un kúrò lórí pápá, ẹ má sì dá a padà nítorí pé ẹgbẹ́ ń pàdánù. Bí ìrora bá ṣì wà lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pe òbí rẹ̀, ẹ má ṣe fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ aago tí ìrora bẹ̀rẹ̀ fún wọn, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà yóò bi wọ́n nìyẹn.